Fítámì D3 50,000 IU fún màmá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: ṣé ó ṣeé lò lójoojúmọ́?

ỌmọÌkẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa oògùn. Màmá wa n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ti pé ẹni ọdún 68. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Láti yàrá dé pálọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní ìlú òyìnbó wá fi fítámì D3 ránṣẹ́ sí wọn, kápúsù 60 nínú ìgò kan, 50,000 IU ni wọ́n sì kọ sí i lára. Ṣáájú èyí, wọ́n ti ń lo kálísíọ̀mù, hóró kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. 600 mg kálísíọ̀mù àti 400 IU fítámì D ló wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ méjì: amlodipine 5 mg, àti èyí tó ń mú ni tọ̀, tí amiloride àti hydrochlorothiazide jọ wà nínú ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo kápúsù yìí? Ṣé kí wọ́n tó jẹun ni, àbí lẹ́yìn oúnjẹ? Ṣé ó yẹ ká kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àyẹ̀wò wo gan-an ni ká sì ní kí wọ́n ṣe? Ìyàwó àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ l'Ádó náà ń béèrè bóyá ọmọ ọwọ́ nílò ẹ̀. Ẹ ṣeun.

Apòògùn Ajílosùn

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún wọn ní ọ̀kan nínú ìgò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ. Fítámì D ní ìwọ̀n méjì tí wọ́n fi ń kọ ọ́, IU àti mcg, 40 IU ló sì jẹ́ 1 mcg. Ìgò kan lè kọ 25 mcg, òmíràn á kọ 1,000 IU, nǹkan kan náà ni. Ibi tí àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ń lo 25 mcg á rí 1,000 lára ìgò tuntun, á rò pé ó ti pọ̀ jù. Ẹlòmíràn á rí 1.25 mg, á rò pé ó kéré, bẹ́ẹ̀ 50,000 IU gan-an nìyẹn.

Ohun tí ara àgbàlagbà tí kò tíì kọjá ẹni ọdún 70 nílò lójúmọ́ ni 600 IU. Ẹni tó bá ti kọjá 70, 800 IU. Ibi tí kò yẹ kí àgbàlagbà kọjá lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ń mójú tó o ni 4,000 IU. Nítorí náà, kápúsù kan ṣoṣo nínú ìgò tẹ́gbọ́n yín fi ránṣẹ́ ju ohun tí ara màmá nílò fún ọgọ́rin ọjọ́ lọ. Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé fítámì D rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gidigidi ni dókítà máa ń kọ ọ́ fún. Ọ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló sì sábà máa ń jẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á bọ́ sórí 1,500 sí 2,000 IU lójúmọ́. Kápúsù mẹ́jọ nìyẹn. 60 ló wà nínú ìgò yín.

Ẹ wá ṣírò ohun tó ti wà nílẹ̀. Hóró kálísíọ̀mù méjì tí màmá ń lò ti fún wọn ní 800 IU lójúmọ́ àti 1,200 mg kálísíọ̀mù, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìgò tuntun. Wọ́n ti ní ohun tó tó wọn. Bí wọ́n bá tún ń lo oògùn àfikún ẹ̀jẹ̀ oní-fítámì púpọ̀ tàbí cod liver oil, ẹ yí paálí ẹ̀ padà, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ro ti ibẹ̀ mọ́ ọn. Cod liver oil ní fítámì A nínú pẹ̀lú, òun náà sì ní ìwọ̀n tó bá kọjá á di ìpalára, pàápàá fún aláboyún.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni hydrochlorothiazide. Iṣẹ́ tí fítámì D ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ìfun fa kálísíọ̀mù púpọ̀ sí i látinú oúnjẹ. Oògùn tó ń mú màmá tọ̀ yẹn sì ń dí kálísíọ̀mù lọ́wọ́ kó má bá ìtọ̀ jáde. Ọ̀kan ń kó o wọlé, èkejì ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn, hóró kálísíọ̀mù méjì sì tún ń bọ̀ lójoojúmọ́. Bí kálísíọ̀mù bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, òǹgbẹ á máa gbẹ wọ́n, wọ́n á máa tọ̀ lemọ́lemọ́, oúnjẹ ò ní wù wọ́n, èébì á máa gbé wọn, ìgbẹ́ á le, ó máa ń rẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn sì lè máa dàrú. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, kíndìnrín ló ń bàjẹ́, òkúta sì lè hù nínú ẹ̀. Ohun tó ń mú kó burú ni pé ìtọ̀ lemọ́lemọ́ yẹn rọrùn láti kà sí iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òǹgbẹ á sì jẹ́ kí wọ́n máa wá àtọ̀gbẹ kiri. Kò sẹ́ni tó máa rántí ìgò fítámì.

Ẹ má tìtorí èyí dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dúró o. Ìgò tuntun yẹn lẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Amlodipine kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú fítámì D.

Ní ti oúnjẹ: ọ̀rá ló ń gbé fítámì D wọnú ara, nítorí náà àárín oúnjẹ tó ní òróró tàbí ọ̀rá ló yẹ kí wọ́n lò ó sí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2015, èyí tó wọnú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ọlọ́ràá fi nǹkan bí 32 nínú 100 ju ti àwọn tí oúnjẹ wọn kò ní ọ̀rá lọ. Ògì lásán pẹ̀lú ṣúgà kò ní ọ̀rá tó bẹ́ẹ̀. Tíì dúdú àti búrẹ́dì gbígbẹ náà kò ní. Ṣùgbọ́n iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí, àkàrà, ẹyin díndín, ìrẹsì ọlọ́bẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn dára. Àárọ̀ tàbí alẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá gbàgbé ti òní, kí wọ́n lo ti ọ̀la nìkan, kí wọ́n má ṣe lo méjì pa pọ̀. Fítámì D kì í tètè kúrò nínú ara, ọjọ́ kan kò lè bà á jẹ́.

Ìyá Láàbù

Apòògùn ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti àyẹ̀wò.

Orúkọ tó yẹ kó wà lórí ìwé tí dókítà kọ ni 25-hydroxyvitamin D, àwọn kan ń kọ ọ́ ní 25(OH)D. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa, torí òmíràn wà tó ń jẹ́ 1,25-dihydroxyvitamin D, ó sì wọ́n. Èyí ẹ̀yìn yìí kò lè sọ fún yín bóyá fítámì D kù nínú ara; ó lè wà ní déédéé tàbí kó tilẹ̀ ga lára ẹni tó ti gbẹ tán, nítorí kíndìnrín á máa sáré ṣe é. Àwọn aláìsàn kíndìnrín àti irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló wà fún.

Èsì lè jáde ní ng/mL tàbí nmol/L. Ẹ fi 2.5 sọ ng/mL di púpọ̀, ẹ ti rí nmol/L. Bó bá wà lábẹ́ 12 ng/mL, ó ti kéré jù. 20 ng/mL sókè tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bó bá ti kọjá 50 ng/mL, kò sí èrè kankan níbẹ̀ mọ́, ewu sì lè ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń di májèlé sábà máa ń kọjá 150 ng/mL. Ẹni tó bá rí "50" lórí ìwé, kó wo ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ ọ́ kí ẹ̀rù tó bà á, torí 50 nmol/L kò ju 20 ng/mL lọ.

Kò pọn dandan kí wọ́n gbààwẹ̀ fún 25(OH)D. Ṣùgbọ́n bí màmá bá ń lo oògùn irun àti èékánná tó ní biotin púpọ̀, kí wọ́n sọ fún láàbù, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan, biotin máa ń jẹ́ kí fítámì D dà bí ẹni pé ó ga ju bó ṣe wà lọ.

Fún màmá tiyín, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ àti creatinine (èyí tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn) ṣe pàtàkì ju fítámì D gan-an lọ, nítorí oògùn tí wọ́n ń lò. Kí wọ́n wọn albumin, púrótéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, mọ́ ọn, torí kálísíọ̀mù ń so mọ́ ọn, bí albumin bá lọ sílẹ̀, nọ́ńbà kálísíọ̀mù á tàn yín jẹ. Déédéé rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 8.5 sí 10.5 mg/dL. Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ni tó bá mú wọn lọ máa wò: okùn tí wọ́n ń dè mọ́ apá kí iṣan tó yọ. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí wọ́n tún ní kí màmá máa pa ọwọ́ dé kí wọ́n máa ṣí i, kálísíọ̀mù á ga lórí ìwé láìjẹ́ pé ó ga nínú ara. Kí wọ́n tú okùn náà gbàrà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń wá.

Bí dókítà bá sì fún wọn ní oògùn, kí ẹ má tún 25(OH)D ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbà tó oṣù mẹ́ta kí nọ́ńbà náà tó dúró síbi kan. Kálísíọ̀mù nìkan ni wọ́n lè tètè tún wò.

Àgbẹ̀ Ìjerò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ oòrùn sílẹ̀. Ìdí tẹ́gbọ́n yín fi rò pé gbogbo èèyàn ló nílò ẹ̀ hàn kedere. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí Oṣù Kẹwàá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta, oòrùn kì í ga tó láti jẹ́ kí awọ ara ṣe fítámì D rárá. Ìjọba wọn wá ní kí àwọn èèyàn máa lo 10 mcg lójúmọ́ ní àkókò òtútù, 400 IU nìyẹn. Ẹ gbọ́ o, 400, kì í ṣe 50,000. Èkìtì wà láàárín ìlà 7 sí 8 ní apá òkè ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn wa sì ń ga jálẹ̀ ọdún. Ẹni tó ń lọ oko, tó ń rìn lọ sọ́jà Ọba, kò nílò ìgò kankan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn tó gba ojú gíláàsì fèrèsé wọlé. Ìtànṣán tó ń ṣiṣẹ́ yẹn kì í kọjá gíláàsì. Àwọn àgbà tó ń jókòó sí pálọ̀ kí oòrùn máa ràn sí wọn lẹ́sẹ̀, ooru nìkan ni wọ́n ń gbà. Kí wọ́n gbé àga màmá sí àgbàlá, kí apá àti ojúgun wọn wà níta. Ẹ wo òjìji: bí òjìji èèyàn bá kúrú ju òun fúnra rẹ̀ lọ, oòrùn yẹn dára; bó bá gùn jù ú lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ìyẹn já sí láti bí aago mẹ́wàá sí mẹ́ta. Awọ dúdú ń fẹ́ àkókò tó gùn ju ti òyìnbó lọ, awọ àgbà sì ti rẹ̀wẹ̀sì, nítorí náà kí wọ́n má ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì jáwọ́. Kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ara á máa gbóná jù, torí oògùn tó ń mú ni tọ̀ lè jẹ́ kí omi ara wọn gbẹ. Nígbà ọyẹ́ tí kùrukùru bá bo òkè, kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Oòrùn kì í sì í fúnni ní àjùlọ, torí awọ fúnra rẹ̀ ń ba èyí tó bá pọ̀ jù jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀.

Wàrà ọmú dára ju ohunkóhun lọ, ṣùgbọ́n fítámì D inú rẹ̀ kéré. Bí ọmọ bá ń mu ọmú nìkan, tí ìyá àtọmọ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn, 400 IU lójúmọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan. Kó má kọjá 1,000 IU láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá ń mu wàrà inú agolo tí wọ́n ti fi fítámì D sí, tó sì ń mu nǹkan bíi lítà kan lójúmọ́, ó ti rí 400 rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fi kún un.

Ibi tí ewu wà ni èyí tí wọ́n ń kán. Oríṣi kan wà tí 400 IU wà nínú ẹ̀kán kan ṣoṣo. Òmíràn wà tí 400 IU wà nínú 1 mL, tó jẹ́ ẹ̀kún ohun èlò tí wọ́n fi ń kán an. Bí ìyá bá gbé oríṣi àkọ́kọ́, tó wá fún ọmọ ní 1 mL bíi ti oríṣi kejì, ó ti fún un ní ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2010. Nítorí náà, ẹ ka ìlà tó sọ pé "ẹ̀kán mélòó" tàbí "mL mélòó" lára ìgò, kì í ṣe 400 nìkan. Ohun èlò tó bá ìgò wá ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ti ìgò mìíràn, ẹ má sì fi ṣíbí tíì. Ẹ kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí sí orí ọmú kí ọmọ tó mu ún. Ẹ má dà á sínú ìgò oúnjẹ, torí bí ọmọ kò bá mu ún tán, ẹ ò ní mọ iye tó gbà.

Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀ tí eegun wọn rọ̀, kálísíọ̀mù ni wọn kò rí tó, kì í ṣe fítámì D. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos, tó jáde ní 1999, fi ọmọ 123 tó ní àrùn eegun rírọ̀ wò ó. Àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ̀mù 1,000 mg lójúmọ́, 61 nínú 100 ni ara wọn yá dáadáa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan, 19 nínú 100. Àwọn tí wọ́n fún ní méjèèjì, 58. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń tẹ̀, ẹ má sáré lọ gba abẹ́rẹ́ fítámì D ní kẹ́míìsì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ògì nìkan kò ní kálísíọ̀mù tó. Ẹ lọ edé tàbí ẹja kéékèèké gbígbẹ tòun ti eegun rẹ̀ kúnná, kí ẹ máa bù ú sí i; wàrà náà dára.

ỌmọÌkẹ́rẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á máa bù kún ìmọ̀ yín. Mo ti gbé ìgò náà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó ku nǹkan mẹ́ta. Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n á sàn bí fítámì D bá tó? Ṣé kí wọ́n ṣì máa lo kálísíọ̀mù méjèèjì? Kí ni ká fi ìgò yẹn ṣe, torí àwọn ẹbí ti ń ní ká pín in?

Apòògùn Ajílosùn

Orúnkún àgbà tó ń dùn, kèrékèré tó wà láàárín eegun ló sábà máa ń jẹ tán. Fítámì D kì í dá a padà. Bí fítámì D bá kù nínú ara lóòótọ́, iṣan á rọ, eegun á máa ro ni káàkiri, ìyẹn sì máa ń sàn bó bá tó. Ṣùgbọ́n ìrora orúnkún kan ṣoṣo tó ń dùn bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, kí dókítà wò ó lọ́tọ̀. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fún wọn ní abẹ́rẹ́ ńlá tó máa gbé wọn dọ́dún. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2010 láti Ọsirélíà, wọ́n ń fún àwọn ìyá àgbà ní 500,000 IU lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n ṣubú ju àwọn tí kò gbà á lọ, eegun wọn sì kán jù. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló dára.

Ti kálísíọ̀mù, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn bóyá wọ́n nílò méjèèjì. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹja tòun ti eegun, ẹ̀fọ́ àti wàrà déédéé, ọ̀kan lè tó. Kálísíọ̀mù kábónéètì, àárín oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó, ìfun kì í sì í gbà ju nǹkan bí 500 mg lẹ́ẹ̀kan náà dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n gbé méjì mì pa pọ̀. Bí wọ́n bá ń lo oògùn gẹ̀gẹ̀ tó ń jẹ́ levothyroxine, kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín wọn. Ciprofloxacin náà, kí wọ́n lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú kálísíọ̀mù tàbí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kálísíọ̀mù á so mọ́ ọn, kò ní ṣiṣẹ́.

Ìgò yẹn, ẹ má pín in. Bí ẹ bá pín in fún ẹni mẹ́fà láìsí àyẹ̀wò, ẹ lè rí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, ẹni tó ń lo digoxin fún ọkàn (kálísíọ̀mù tó ga lè da ìlù ọkàn rẹ̀ rú), ẹni tí òkúta ti wà nínú kíndìnrín rẹ̀ rí, nínú mẹ́fà yẹn. Ẹni tó ń lo rifampicin fún ikọ́ ife tàbí phenytoin fún wárápá, oògùn wọn ń jẹ́ kí ara tètè run fítámì D, wọ́n lè nílò jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà wọn ló gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀. Ìgò tó bá wá láti òkè òkun nínú àpò èrò kì í ní nọ́ńbà NAFDAC, ní Amẹ́ríkà pàápàá ìjọba kì í yẹ àfikún oúnjẹ wò kí wọ́n tó tà á. Bí ẹ bá rí àmì USP lára rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti jẹ́ kí wọ́n wọn ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà tòun ti gbogbo paálí oògùn màmá, àti ti kálísíọ̀mù, kó rí nọ́ńbà wọn fúnra rẹ̀. Bí èsì bá fi hàn pé wọ́n nílò rẹ̀, á ka mẹ́jọ jáde. Títí di ìgbà yẹn, ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ ọmọ kò ní dé, kì í ṣe orí fíríìjì, ooru ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń jẹ́ kí kápúsù lẹ̀ mọ́ra wọn.